Ẹni Tí Yóò Jókòó Ti Dàmọ́lá

Ọjọ́ Ajé, 7 Oṣù Kẹwàá

Mo padà síbi iṣẹ́ lónìí. Ọjọ́bọ̀ tó kọjá ni Màámi kú. Èmi nìkan ni mo wà lọ́dọ̀ wọn ní wọ́ọ̀dù, èmi náà ni mo sì túfọ̀ fún gbogbo èèyàn: fún Bàbá Àpọ́nlé, fún pásítọ̀, fún Fìyìn ọmọ mi níbi tó ti ń kàwé n'Íbàdàn. Mi ò tíì sunkún. Ó ń ṣe mí bí ìgbà tí wọ́n gúnni lábẹ́rẹ́ kí wọ́n tó yọ eyín. A mọ̀ pé ẹnu wà níbẹ̀, a ò kàn mọ̀ ọ́n lára ni.

Ọ̀gbẹ́ni Oyèlékè, rẹ́jísírà ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì wa, dìde nígbà tí mo wọlé. Ó ní, "Ìyá Fìyìn, ẹ kú àṣẹ̀yìndè." Mo ní ẹ ṣé, sà. Ó jókòó, ó tún dìde. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi o. Pọ́tàlì tí àwọn ọmọ fi ń kún fọ́ọ̀mù ti bàjẹ́."

Nígbà tí mo wà ní ọsibítù ni àwọn tó ń bá wa tọ́jú sáfà, kọ̀ǹpútà tó gbé pọ́tàlì dúró, fi àmì àgádágodo sí i, nítorí fóònù àwọn èèyàn ń kìlọ̀ fún wọn pé ibẹ̀ ò ní ààbò. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá fẹ́ kún fọ́ọ̀mù ò rí nǹkan kan bí kò ṣe ojú ìwé funfun tó ń sọ pé wọ́n ti darí òun síwá sẹ́yìn jù. Fọ́ọ̀mù ìgbaniwọlé yóò sì parí ní ọjọ́ Ẹtì, 15 oṣù tó ń bọ̀. Ẹni tó bá kù sẹ́yìn, ó di ọdún mìíràn.

Ẹnì kan ṣoṣo ni mo mọ̀ tó lè tún un ṣe: Dàmọ́lá àbúrò mi tó kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ní Kánádà. Dàmọ́lá ò sì tíì gbọ́.

Bàbá Àpọ́nlé, àbúrò bàbá wa, ló fi òfin dè é. Wọ́n ní a kì í túfọ̀ ìyá fún ọmọ lórí fóònù, pàápàá ọmọ tó dá gbé inú yàrá kan nílẹ̀ òtútù, tí kò sẹ́ni tí yóò dì í mú. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ jókòó tì í kí ọ̀rọ̀ náà tó dé etí rẹ̀, kí ẹni náà sì jẹ́ ará ilé. Títí a ó fi rí ẹni náà, wọ́n ní bí Dàmọ́lá bá bèèrè, kí n sọ pé Màámi ń sùn. Dàmọ́lá sì ni àkọ́bí ọkùnrin. Bí kò bá gbọ́, a ò lè dá ọjọ́ ìsìnkú. Màámi wà ní mọ́ṣúárì.

Mo pè é láago mẹ́rin. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káàsán o. Màámi ńkọ́?"

"Wọ́n ń sùn."

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n sùn, wọ́n ti ṣiṣẹ́ jù láyé wọn."

Mo sọ ti pọ́tàlì fún un. Inú ẹ̀ dùn. Ó ní iṣẹ́ gidi ò tíì kan òun láti ìgbà tí òun ti ń ti àwọn arúgbó òyìnbó kiri nínú kẹ̀kẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8 Oṣù Kẹwàá

Dàmọ́lá ò lè wọ inú sáfà láti ọ̀dọ̀ rẹ̀. Kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì wa nìkan ni wọ́n fún láyè. Nítorí náà òun ń pe lẹ́tà, èmi ń tẹ̀ ẹ́. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti iṣẹ́ òru dé ni, ó ń jẹ búrẹ́dì gbígbẹ sí mi létí.

Ó ní prọ́sì kan wà níwájú pọ́tàlì, bí aṣọ́nà tó jókòó sẹ́nu géètì. Àlejò kì í bá pọ́tàlì fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀. Aṣọ́nà ló ń gbọ́ tẹnu àlejò, tó ń lọ sọ ọ́ nínú ilé. Ó ní àlejò gba ẹnu ọ̀nà tó ní àgádágodo wọlé lóòótọ́, ṣùgbọ́n aṣọ́nà ò sọ bẹ́ẹ̀ fún pọ́tàlì. Pọ́tàlì wá rò pé ẹnu ọ̀nà gbayawu ló gbà, ó ní, padà, lọ gba ibi tó ní àgádágodo. Àlejò padà, ó tún gba ibẹ̀ náà, aṣọ́nà tún dákẹ́, pọ́tàlì tún lé e. Bí ọmọ tí wọ́n ní kó lọ fọ ọwọ́ tó ti fọ̀.

"Kò sẹ́ni tó jẹ̀bi nínú àwọn méjèèjì," ó ní. "Ẹni tó wà láàárín ló gbé ọ̀rọ̀ mì."

Mo ní hùn-ún.

Kó tó pa fóònù, ó ní, "Màámi ńkọ́?" Mo ní wọ́n ń sùn.

Ọjọ́rú, 9 Oṣù Kẹwàá

Wọ́n mú iná lọ. Bàbá Ọdẹmúyìwá, ọdẹ tó ń ṣọ́ ilé ẹ̀kọ́ wa, ní kò sí epo nínú jẹnẹrétọ̀. Lítà epo kan ti kọjá ẹgbẹ̀rún náírà, ta ni yóò rà á? Mo jókòó sínú ọ́fíìsì títí ilẹ̀ fi ṣú díẹ̀. Mi ò ṣe nǹkan kan.

Ọjọ́ Ẹtì, 11 Oṣù Kẹwàá

Iná dé lọ́sàn-án. A fi ìlà kan síbẹ̀, ìlà kan péré, tó ní kí aṣọ́nà máa sọ ẹnu ọ̀nà tí àlejò gbà wọlé. Mo tẹ̀ ẹ́ bó ṣe pè é, lẹ́tà kan tẹ̀lé òmíràn. A pa sáfà, a tún un tàn. Ó ń yí po síbẹ̀. Dàmọ́lá rẹ́rìn-ín, ó ní ọ̀rọ̀ náà ti dùn wàyí. Èmi ò rí ohun tó dùn níbẹ̀.

Mo gba iwájú mọ́ṣúárì kọjá nígbà tí mo ń lọ sílé. Mi ò yà. Mo ra iṣu tuntun mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó wọ́n bí ẹni pé òkè òkun ni wọ́n ti kó o wá. Mo ti délé kí n tó rántí pé èmi nìkan ni yóò jẹ ẹ́.

Ọjọ́ Àìkú, 13 Oṣù Kẹwàá

Pásítọ̀ bi mí bóyá kí àwọn kéde. Mo ní kò tíì yá, sà. Ìsìn wa ń jáde lórí fóònù, Dàmọ́lá a sì máa wò ó. Wọ́n wá gbàdúrà fún "ìdílé kan tí Ọlọ́run mọ̀." Gbogbo ìjọ yíjú wò mí. Mo wo ìwé orin.

Nígbà tó yá Dàmọ́lá ránṣẹ́ sí mi: "Mi ò rí Màámi ní ìjókòó wọn." Mo ní orúnkún ń dùn wọ́n.

"Wọ́n ń sùn" yẹn, Bàbá Àpọ́nlé ló fún mi. Ti orúnkún yìí, èmi ni mo pa irọ́ rẹ̀ fúnra mi.

Ọjọ́rú, 16 Oṣù Kẹwàá

Dàmọ́lá ti rí i. Aṣọ́nà méjì ló wà, ọ̀kan ní géètì ìta, ọ̀kan ní ẹnu ọ̀nà ilé. Ti ìta ló ń rí àgádágodo. Ti inú ò rí nǹkan kan ju ẹnìkejì rẹ̀ lọ, tó ń gba ẹ̀yìnkùlé wá bá a, níbi tí kò sí àgádágodo. Ìlà tí a fi síbẹ̀ ní kó sọ ohun tó rí, ó sì ń sọ ọ́: ẹnu ọ̀nà gbayawu ni. Olóòótọ́ ni. Òótọ́ rẹ̀ ló ń ba iṣẹ́ jẹ́.

"Ẹ yí ìlà yẹn padà, ẹ̀gbọ́n mi," Dàmọ́lá ní. "Kó má sọ ohun tó fojú ara rẹ̀ rí mọ́. Ohun tí wọ́n bá ní kó sọ ni kó máa sọ."

Mo ní, "Mo mọ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀."

"Kí lẹ wí?"

"Kò sí. Máa pè é, mò ń tẹ̀ ẹ́."

Pọ́tàlì ṣí. Rẹ́jísírà pàtẹ́wọ́, ó jó díẹ̀ lẹ́yìn tábìlì rẹ̀, ó wá rántí pé ọlọ́fọ̀ ni mí, ó jókòó. Àánú ẹ̀ ṣe mí. Mo ní ẹ máa jó o, sà, kò sí wàhálà.

Ọjọ́bọ̀, 17 Oṣù Kẹwàá

Kò tíì tán. Misturat pè mí láàárọ̀ láti Ìgbòho. Òun ló ni káfè kọ̀ǹpútà tí àwọn ọmọ agbègbè yẹn ti ń kún fọ́ọ̀mù.

"Ìyá Fìyìn, ẹ ní ó ti ṣí. Lọ́dọ̀ ta ló ti ṣí?"

Dàmọ́lá ní fóònù tó bá ti wá rí wa nígbà tí nǹkan bàjẹ́ ti kọ́ ọ̀nà àṣìṣe sórí. Kì í tún bèèrè lọ́wọ́ pọ́tàlì mọ́, orí ara rẹ̀ ló fi ń yí po. Ẹni tó ni ín gbọ́dọ̀ pa ìrántí rẹ̀ rẹ́. Mo lo gbogbo ọ̀sán láti ṣàlàyé fún àwọn ọmọ tí wọ́n ń pe nọ́ńbà ọ́fíìsì bí wọn yóò ṣe pa á rẹ́. Ìyá kan láti Ìwéré-Ilé bi mí bóyá fọ́tò ọmọ rẹ̀ ò ní bá a lọ. Mo ní rárá, mà, fọ́tò wà lọ́tọ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 20 Oṣù Kẹwàá

Dàmọ́lá fi ohùn ránṣẹ́. Ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti gbọ́ ohùn Màámi, àti pé bí òun bá pè, oorun ni. Ó ní kí n gbé fóònù sí etí wọn kí wọ́n gbọ́ tòun, bí wọn ò bá tilẹ̀ dáhùn.

Mo wọ yàrá Màámi. A ò tíì ká ibùsùn wọn. Ìró wọn wà lórí rẹ̀ bí wọ́n ṣe ká a sílẹ̀ kí a tó lọ sí ọsibítù, gèlè wọn náà wà níbẹ̀. Mo gbé fóònù lé ìrọ̀rí, mo tẹ̀ ẹ́, mo dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ó kí wọn, ó ki oríkì wọn díẹ̀, ó ṣì í pè, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní owó tí òun fi ránṣẹ́, kí wọ́n fi ra bàtà tó rọ̀ nítorí orúnkún. Ó ní ó dàbọ̀. Mo gbé fóònù mi.

Nígbà tó yá, ó kọ ọ́ sí mi: "Kí ni wọ́n sọ?"

Mo kọ ọ́ padà pé wọn ò sọ nǹkan kan.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 22 Oṣù Kẹwàá

Bàbá Àpọ́nlé ti rí ẹni. Akíntọ́lá ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ilé wa ni, ìyá rẹ̀ àti ìyá Bàbá Àpọ́nlé jọ sọ̀ kalẹ̀ láti ọwọ́ ẹnìkan náà. Kánádà ló wà, ó ń wa ọkọ̀ àjàgbé. Àmọ́ ibi tó ń gbé jìnnà sí ọ̀dọ̀ Dàmọ́lá bí ìgbà téèyàn bá ti Ṣakí lọ sí Èkó, ó sì ti gbé ẹrù lọ sí Amẹ́ríkà, kò ní padà títí oṣù yìí yóò fi parí. Ó gbà pé òun máa lọ. Ó ní òun ò túfọ̀ fún ẹnikẹ́ni rí, kí wọ́n jọ̀ọ́ kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Bàbá Àpọ́nlé ń pè é lálaalẹ́, wọ́n ń kọ́ ọ.

Ọjọ́ Ẹtì, 25 Oṣù Kẹwàá

Wàhálà tuntun tún dé. Ẹni tó bá ti fi pásíwọ́ọ̀dù wọlé tán, pọ́tàlì á darí rẹ̀ sí àdírẹ́sì abẹ́lé, èyí tí sáfà fi ń pe ara rẹ̀. Fóònù náà á wá máa wá pọ́tàlì nínú ara rẹ̀, kò ní rí i. Dàmọ́lá ní aṣọ́nà inú ò sọ orúkọ tí àlejò fi pè wá, orúkọ tí òun fúnra rẹ̀ mọ̀ wá sí ló ń sọ. Ìlà kan mìíràn la tún fi tún un ṣe. Iná ò lọ. Mo jẹ ẹ̀wà.

Ọjọ́rú, 30 Oṣù Kẹwàá

Mo lọ sí Ìgbòho. Misturat ti fi ìpè dá mi lágara. Ó ní lórí gbogbo kọ̀ǹpútà òun, ojú ìwé pupa ló ń jáde, ó ní ẹ̀rí àgádágodo wa kò ṣeé gbà gbọ́, bẹ́ẹ̀ lórí fóònù ó ń ṣí. Àwọn ọmọ tí kò ní fóònù tó dáa, ọ̀dọ̀ rẹ̀ nìkan ni wọ́n gbójú lé. Dàmọ́lá ní kí n wo déètì wọn. Mo bi Misturat lórí fóònù, ó ní déètì ò ṣe nǹkan kan. Ohùn ẹ̀ ò dán mọ́rán.

Ọkà bàbà ti gbó lápá méjèèjì ọ̀nà. Màlúù dí wa lọ́nà lẹ́ẹ̀mejì. Mo dé káfè, mo wo igun ìsàlẹ̀ kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́. 2019. Mo wo èkejì, 2019. Gbogbo wọn pátá.

"Misturat, ọdún wo la wà?"

"Ẹ má yọ mí lẹ́nu, Ìyá Fìyìn. Èmi ni mo fi í síbẹ̀."

Ètò orí kọ̀ǹpútà tó ń bá a ka wákàtí fún àwọn oníbàárà, 2019 ni àkókò rẹ̀ ti pé, ẹni tó tà á fún un ò sì sí mọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ gbogbo, kó tó gbálẹ̀, á lọ láti orí ọ̀kan dé orí èkejì, á dá wọn padà sí 2019, kí ohun náà má baà mọ̀ pé àkókò òun ti tó. Àgádágodo tiwa, oṣù tó kọjá ni wọ́n ṣe é. Lójú kọ̀ǹpútà Misturat, wọn ò tíì bí i.

"Bí ẹnikẹ́ni ò bá sọ fún wọn pé ọdún ti yí, wọ́n á máa ṣiṣẹ́ lọ ni," ó ní. "Ó ti tó ọdún márùn-ún tí mo ti ń ṣe é. Ẹ̀yin lẹ wá ba tèmi jẹ́."

A jọ fà á títí. A wá fẹnu kò pé kí ẹyọ kan wà ní ọdún tiwa, èyí tí wọn ó máa fi kún fọ́ọ̀mù. Ó kọ ọ́ sórí páálí, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn: KỌ̀ǸPÚTÀ ÒDE-ÒNÍ. Mo rẹ́rìn-ín, ó sì yà mí lẹ́nu pé mo rẹ́rìn-ín. Ó ra ṣinkafá, ìrẹsì, fún mi jẹ. Kò mọ̀ pé Màámi kú, mi ò sì sọ fún un. Ó ní kí n bá òun kí wọn.

Nínú ọkọ̀ mo ro ọdún 2019. Dàmọ́lá wà nílé nígbà náà, òun àti Màámi máa ń jà lórí ẹni tó jẹ ẹran ìsàlẹ̀ ìkòkò. Mo ń wò ó bí ẹni ń wo ilé onílé láti ojú fèrèsé.

Ọjọ́ Ajé, 4 Oṣù Kọkànlá

Akíntọ́lá ti padà. Ó fẹ́ gbéra lọ sọ́dọ̀ Dàmọ́lá lánàá, yìnyín dí ọ̀nà, ọlọ́pàá ní kí ẹnikẹ́ni má jáde. Bàbá Àpọ́nlé ní kí ni yìnyín. Mo fi fídíò hàn wọ́n. Wọ́n wò ó fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n ní, "Inú nǹkan yìí ni ọmọ mi wà?"

Ọjọ́ Ẹtì, 8 Oṣù Kọkànlá

Pọ́tàlì ń lọ dáadáa. Mo rò pé Dàmọ́lá ò ní pè, ó pè.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ ń bínú sí mi ni?"

"Kí lo ṣe fún mi?"

"Èmi náà ò mọ̀. Ẹ ò bú mi láti oṣù tó kọjá. Mo pe lẹ́tà kan ṣì fún yín lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ kàn tẹ̀ ẹ́ ni. Bó bá jẹ́ tẹ́lẹ̀, ẹ ò bá ti ní orí mi ò pé." Ó wá ní, "Ṣé Màámi ń ṣàìsàn?"

"Rárá."

Òótọ́ ni. Wọn ò ṣàìsàn mọ́. Ẹnu mi ti ń ṣí láti sọ èyí tó kù, mo ní iná fẹ́ lọ, mo pa fóònù. Iná ò lọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9 Oṣù Kọkànlá

Mo lọ bá Bàbá Àpọ́nlé. Mo ní mo fẹ́ sọ fún un fúnra mi. Mo ní ó ti sú mi, ọmọ náà ò gọ̀, irọ́ ni mò ń kó jọ, ìyá wa sì ń bẹ nínú yìnyín tiwọn náà ní mọ́ṣúárì. Mi ò pariwo. Mi ò lágbára ariwo.

Wọ́n gbọ́ mi tán. Wọ́n ní, "Ìyá Fìyìn, bó bá ṣubú, ṣé fóònù ni yóò gbé e?"

Wọ́n wá sọ ohun tí mi ò gbọ́ rí. Kàdúná ni wọ́n wà nígbà tí bàbá wọn kú. Ìwé wáyà láti ilé ìfìwéránṣẹ́ ló mú un wá bá wọn, wọ́n kà á lójú títì, láìsí ẹnì kan tó mọ̀ wọ́n. Wọ́n ní àwọn ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni àwọn Gàǹbàrí kan rí wọn lẹ́bàá ọ̀nà rélùwéè, ẹsẹ̀ kan láìní bàtà, wọn ò mọ orúkọ ara wọn. "Mo ti búra láti ọjọ́ yẹn," wọ́n ní. "Kò ní ṣẹlẹ̀ sí ọmọ kankan nílé yìí, níṣojú mi."

Akíntọ́lá yóò dé ọ̀dọ̀ Dàmọ́lá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó ń bọ̀. Wọ́n ní kí n fara dà á.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12 Oṣù Kọkànlá

Ọyẹ́ dé. Ètè mi ti là.

Ọjọ́ Ẹtì, 15 Oṣù Kọkànlá

Fọ́ọ̀mù parí láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Àwọn tó kún un pọ̀ ju ti èṣí lọ. Rẹ́jísírà ní kí n bá òun dúpẹ́ gidigidi lọ́wọ́ àbúrò mi, ó ní òun máa fi èlùbọ́ ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀. Ó gbọ́ ohun tó sọ lẹ́nu ara rẹ̀, ojú tì í. Mo ní ẹ má ṣèyọnu, sà, ẹnu gbogbo wa ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 17 Oṣù Kọkànlá

Ti àná ni mo fẹ́ kọ.

Aago mẹ́ta sí mẹ́rin tiwa ni Akíntọ́lá yóò dé, òwúrọ̀ ni lọ́dọ̀ tiwọn. Bó bá bá ilẹ̀kùn ní títì, kò ní lè dúró, ẹrù ń retí rẹ̀. Dàmọ́lá sì ti sọ fún mi pé bí òun bá ti ti iṣẹ́ dé, ọjà lòun ń lọ, òun fẹ́ ra ẹ̀wù òtútù. Bàbá Àpọ́nlé ní, "Ìwọ ni kó o dá a dúró sílé." Wọn ò sọ bí mo ṣe máa ṣe é.

Mo lọ sí ọ́fíìsì. Bàbá Ọdẹmúyìwá ṣí géètì, wọ́n ní kí ni mo wá ṣe ní Sátidé. Mo ní iṣẹ́ ni. Fọ́ọ̀mù ti parí, kò sẹ́ni tí yóò wá pọ́tàlì. Mo wọ inú sáfà, mo wá ìlà yẹn, èyí tó ní kí aṣọ́nà inú máa sọ ohun tí wọ́n bá ní kó sọ. Mo fi ọwọ́ ara mi pa á rẹ́. Mo tún sáfà tàn. Pọ́tàlì bẹ̀rẹ̀ sí í yí po.

Mo pè é. "Dàmọ́lá, ó ti tún bẹ̀rẹ̀ o. Rẹ́jísírà sì fẹ́ tẹ orúkọ àwọn ọmọ jáde fún ọjọ́ Ajé."

"Kí ló tún ṣe é? Mo ti wọ bàtà. Ó dáa, ẹ dúró, kí n bọ́ ọ."

Mo gbọ́ bí bàtà náà ṣe ń bọ́ sílẹ̀, ọ̀kan, èkejì. A bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ohun tó bá ní kí n wò, mò ń wò ó pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó ní ẹ ò kánjú lónìí, ẹ̀gbọ́n mi. Mo ní ojú ń ro mí. Ó wá ní kí n ka ìwé àṣẹ aṣọ́nà inú fún òun láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo kà á.

"Ìlà wa dà?"

"Ìlà wo?"

"Èyí tí a jọ fi síbẹ̀. Kò lè fúnra rẹ̀ kúrò. Ta ló yọ ọ́?"

Wọ́n kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Mo gbọ́ ọ.

"Ẹ má pa á o, ẹ̀gbọ́n mi, mò ń bọ̀." Ó gbé fóònù sílẹ̀. Mo gbọ́ ohùn ọkùnrin kan: "Ọmọ Ṣakí." Mo gbọ́ ẹ̀rín Dàmọ́lá: "Bọ̀ọ̀dá Akíntọ́lá! Nínú òtútù yìí?" Àga dún. Ohùn lọ sílẹ̀, mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ mọ́, bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nìkan ni mò ń gbọ́, díẹ̀díẹ̀, bí Bàbá Àpọ́nlé ṣe kọ́ ọ. Ó sọ ọ́ tán. Ohun tí mo gbọ́ lẹ́yìn náà, mi ò ní kọ ọ́ síhìn-ín.

Mi ò pa fóònù. Mo dá ìlà náà padà sí àyè rẹ̀, nítorí pé ọwọ́ mi ń wá nǹkan ṣe. Pọ́tàlì ṣí.

Ó pẹ́ kí Dàmọ́lá tó gbé fóònù. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ yọ ìlà yẹn."

"Èmi ni."

"Kí n má baà jáde."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ó ní, "Ta ló wà lọ́dọ̀ wọn lọ́jọ́ náà?"

"Èmi."

"Ẹ̀yin nìkan? Ta ló wá sọ fún yín?"

"Kò sẹ́ni tó sọ fún mi, Dàmọ́lá. Èmi ni mo sọ fún gbogbo èèyàn."

Akíntọ́lá ń sọ nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀, Dàmọ́lá ní kó dúró ná. Ó wá ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló wà lọ́dọ̀ yín níbẹ̀ yẹn báyìí?"

"Kò sẹ́nì kankan. Bàbá Ọdẹmúyìwá wà ní géètì."

"Ẹ pè wọ́n, kí wọ́n wá jókòó."

"Fún kí ni?"

"Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ pè wọ́n."

Mo pè wọ́n lójú fèrèsé. Wọ́n fi ìbọn wọn ti ògiri níta, wọ́n wọlé, wọ́n wo ojú mi, wọ́n ṣí fìlà. Wọ́n fa àga rẹ́jísírà sún mọ́ mi, wọ́n jókòó.

Mo ní, "Wọ́n ti jókòó."

"Ṣé wọ́n sún mọ́ yín dáadáa?"

"Wọ́n sún mọ́ mi."

"Ẹ̀gbọ́n mi," Dàmọ́lá ní, ohùn ẹ̀ ti ha, "Màámi ti kú."

Mo ní, "Ìgbà wo?"

Bí mo ṣe wí bẹ́ẹ̀ ni ẹkún gbé mi. Bàbá Ọdẹmúyìwá di apá mi mú. Wọn ò ní kí n dákẹ́.